Ìwé ìṣirò ní àwọn ará Bángládẹ́ṣì tòṣì ní Amẹ́ríkà, ojú mi ò rí bẹ́ẹ̀: ẹ wá bá mi dá sí i

Àkàndé_Parkchester

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa, aláwọ̀ funfun ọmọ Ohio, ló na fóònù rẹ̀ sí wa níbi tá a ti ń jẹun ọ̀sán. Àwòrán ìṣirò kan ló wà níbẹ̀, pé àwọn ará Bángládẹ́ṣì wà lára àwọn tó kúṣẹ̀ẹ́ jù nínú gbogbo ará Éṣíà tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ó ní ẹrù lásán ni wọ́n dì lé ìjọba lórí, pé ká fi wọ́n wé ọmọ Amẹ́ríkà gidi ká wò ó.

Mi ò fèsì, torí mi ò ní ìṣirò kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Parkchester ni mò ń gbé, ní Bronx ní New York níbí. Ẹni tó bá ti gba Starling Avenue kọjá rí á mọ̀ pé ọjà wọn ni gbogbo ibẹ̀. Ìjọba ìlú gan-an ti kọ "Bangla Bazaar" sára òpó ibẹ̀. Alápatà halal, aránṣọ, ọ́fíìsì lọ́yà, ilé tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́, àwọn tó ń báni ṣe ìwé owó orí, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ọ̀dọ̀ wọn lèmi àtìyàwó mi ti ń ra ẹran ewúrẹ́, torí àwọn ló ń gé e bá a ṣe ń fẹ́ ẹ, teegun-teegun, tawọ-tawọ. Ará Sylhet ní Bángládẹ́ṣì ni onílé mi. Tákísì ló wà fún ọdún gbọọrọ kó tó ra ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní ilé ìwé girama Bronx Science.

Ìwé ní wọ́n tòṣì. Èmi ń san owó ilé fún ọ̀kan nínú wọn lóṣooṣù. Ẹ bá mi tú u.

Oníṣirò_Owó

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà tí ọkùnrin yẹn fi hàn yín lè má jìnnà sóòótọ́, ibi tó gbé e gbà ló wọ́. Ẹ jẹ́ ká lo ti Pew Research Center, àjọ oníwádìí kan, torí àwọn ló tò ó sílẹ̀ dáadáa jù.

Ní 2019, nǹkan bí 208,000 èèyàn ló pe ara wọn ní ará Bángládẹ́ṣì ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá to gbogbo ìdílé wọn látorí ẹni tówó ń wọlé fún jù dórí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ìdílé tó bọ́ sáàárín gan-an ń rí 59,500 dọ́là lọ́dún. Ti àwọn ará Éṣíà lápapọ̀ jẹ́ 85,800. Ti àwọn ará Índíà tí wọ́n jọ pààlà jẹ́ 119,000. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Bángládẹ́ṣì, 19 ló wà nínú òṣì bí ìjọba ṣe ń wọ̀n ọ́n; nínú ọgọ́rùn-ún ará Éṣíà lápapọ̀, 10 ni.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ará Éṣíà ni àwòrán yẹn fi wọ́n wé, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi fóònù hàn yín. Lọ́dún kan náà, ìdílé Amẹ́ríkà tó bọ́ sáàárín, àti funfun àti dúdú, ń rí nǹkan bí 65,700 dọ́là, àwọn tó wà nínú òṣì láàárín wọn sì jẹ́ nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Amẹ́ríkà ju ará Bángládẹ́ṣì lọ lóòótọ́, àmọ́ kò tó èyí tí wọ́n á fi máa yọ ṣùtì.

Ibi tó ti le ni iye ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Ìdílé Amẹ́ríkà, tá a bá pín in dọ́gba, kò pé èèyàn mẹ́ta. Tàwọn ará Bángládẹ́ṣì ńkọ́? Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, ìyá bàbá, nígbà míì àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo wọn ló ń jẹ nínú 59,500 yẹn. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń gbé: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó wà ní New York àti agbègbè rẹ̀. Owó tó lè ra ilé ní abúlé Ohio, owó ilé ló máa gbé e mì ní Queens, ní New York níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò sí nìyí: àwọn tó gboyè yunifásítì láàárín àgbàlagbà wọn pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ lọ; ti Amẹ́ríkà yẹn jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà. Ìwé pọ̀ lọ́wọ́, owó ò tẹ̀ lé e. Kí ló fà á?

Òtítọ́_Korò

Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ ti tún dé. Hillside Avenue ní Jamaica, àdúgbò kan ní Queens, lèmi ń gbé, àárín wọn gan-an. Tí mo bá tò sẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀bù, káàdì EBT, èyí tí ìjọba fi ń fún aláìní lówó oúnjẹ, ni wọ́n ń yọ. Owó tákísì, owó ọwọ́ ni, ta ló ń kéde rẹ̀ fún ìjọba? Wọ́n á ní àwọn ò rí jẹ, wọ́n á sì máa kọ́lé alájà márùn-ún sí Dhaka, olú ìlú wọn. Ẹ má bínú o. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Dírẹ́bà_Àná

Òtítọ́_Korò, àbúrò mi, mo ti gbọ́. Èmi wa yellow cab, tákísì aláwọ̀ ìyeyè, ní ìlú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, Bẹ̀ǹgálì (bá a ṣe ń pe àwọn ará Bángládẹ́ṣì) ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tá a jọ ń tò ní pápákọ̀ òfuurufú JFK. Kì í ṣe ẹnu mi nìkan. TLC, àjọ tó ń ṣàkóso tákísì ní New York, tẹ̀ ẹ́ síta ní 2014 pé nínú ọgọ́rùn-ún awakọ̀ yellow cab, 23 ni wọ́n bí sí Bángládẹ́ṣì. Kò sí orílẹ̀-èdè míì tó tó wọn. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ò tó wọn.

Owó ọwọ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn ti di ìtàn. Látìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń gba káàdì sínú ọkọ̀, mítà ń ka gbogbo rẹ̀, TLC ń rí i. Ẹ wá gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Kó o tó jáde nírọ̀lẹ́, o ti jẹ onígárééjì lówó: owó ọkọ̀ fún wákàtí méjìlá, epo sì tún wà lọ́rùn rẹ. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún àkọ́kọ́, onígárééjì lò ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn lo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tìẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti wọmi. Ibi téèyàn á ti tọ̀ gan-an, wàhálà ni. Ní àgbàlá tá a ti ń dúró de èrò ní JFK, àwọn Bẹ̀ǹgálì á tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n á kírun lórí ẹ̀, èmi náà á bọ́ bàtà, mo tò sẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́dálíọ̀nù ló wá bà wọ́n jẹ́ jù. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: irin pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n kàn án mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, òun ni àṣẹ pé o lè gbérò lójú pópó. Ìlú fi gègé sí iye rẹ̀, ló bá di ohun tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Ìlú fúnra rẹ̀ ń ta á ní gbànjo, ó ń polówó rẹ̀ pé kò sí bó ṣe lè ṣubú. Ní 2014 ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Àwọn Bẹ̀ǹgálì, àwọn Pakístánì, àwọn ará Háítì yá owó sórí rẹ̀. Àwọn tó ti wakọ̀ ogún ọdún, tí wọ́n rò pé òun ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn. Ni Uber bá dé. Láàárín ọdún díẹ̀, iye rẹ̀ já wálẹ̀ kọjá igba ẹgbẹ̀rún, gbèsè sì wà níbi tó wà.

Ní 2021 àwọn awakọ̀ jókòó síwájú City Hall, ilé ìjọba ìlú, wọ́n ní àwọn ò ní jẹun. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Zohran Mamdani, tó jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti Astoria ní Queens nígbà náà, bá wọn gbààwẹ̀ yẹn, ẹ ò rí i pé wọn ò gbàgbé rẹ̀ nígbà tó jáde fún ipò mẹ́yọ̀ ní 2025. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ni pé wọ́n dín gbèsè náà kù sí 170,000 dọ́là, ìlú dúró bí onídùúró, owó oṣù wá jẹ́ nǹkan bí 1,100 dọ́là. Ẹni tó jẹ mílíọ̀nù lé ní gbèsè lórí ìwé, ẹ ní owó ọwọ́ ló ń kó pamọ́?

Òtítọ́_Korò

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí EBT.

Ìyá_Ìbejì_Queens

Èmi á dá ẹ lóhùn, ọmọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé ni mò ń ṣe, mo ti bá àwọn obìnrin Bẹ̀ǹgálì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Jackson Heights àti ní Jamaica tó o wà yẹn.

Òfin 1996, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2002, sọ pé àgbàlagbà tó bá gba green card á dúró ọdún márùn-ún kó tó lè jẹ nínú káàdì oúnjẹ. Òfin yẹn ò mú àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n bá sì bí síbí, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Nítorí náà káàdì tó o rí lọ́wọ́ ìyá yẹn, orúkọ àwọn ọmọ ló ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ò tó èèyàn mẹ́fà, òfin ní kó gbà á. Yorùbá tó ń ṣe security lóru tó bí ọmọ mẹ́rin náà ń gbà á, ṣé ká sọ̀ ọ́ ni àbí ká dákẹ́?

Owó míì tún wà. Medicaid New York, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, ń sanwó fún ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó tàbí aláìlera inú ẹbí rẹ̀ nílé. CDPAP ni wọ́n ń pè é. Bẹ̀ǹgálì kì í gbé ìyá rẹ̀ lọ ilé arúgbó bọ̀rọ̀, bíi tiwa. Ìyàwó ilé tó ń wẹ ìyakọ, tó ń gún un lábẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ (àtọ̀gbẹ pọ̀ láàárín wọn, ẹ ò ní gbà gbọ́), owó iṣẹ́ ló ń gbà. Tí wọ́n bá kó arúgbó yẹn lọ sílé ìtọ́jú, iye tí ìjọba máa san á jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmọ́ nínú àwòrán tí wọ́n ń gbé káàkiri, owó ọ̀fẹ́ ni wọ́n á kọ ọ́ sí.

Ìwé pọ̀ owó ò tẹ̀ lé e tí Oníṣirò bèèrè, mo lè fi hàn yín. Obìnrin kan wà tá a jọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Noakhali ní Bángládẹ́ṣì. Níbí, ta ló ka ìwé yẹn sí? Wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì rówó, kò rí àyè. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ó ń sùn láàárọ̀, ìyakọ ò ṣeé dá fi sílẹ̀, torí náà ọ̀sán nìkan ni òun ń rí jáde. Bésìméǹtì, yàrá abẹ́ ilé, ni wọ́n ń gbé, fèrèsé kan, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì lò ń rí. Ara fìríìjì ló lẹ àtẹ àwọn èròjà kẹ́mísírì mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò àwọ̀ mẹ́ta yà á, ọmọ rẹ̀ á máa kà á bó bá ti fẹ́ mu omi.

Nígbà tí òjò ìjì Ida rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní September 2021, mo pè é títí, kò gbé e. Èèyàn mọ́kànlá ló kú sínú bésìméǹtì ní New York lóru yẹn, Queens ló pọ̀ jù. Ọpẹ́lọpẹ́ onílé wọn tó ṣílẹ̀kùn òkè fún wọn. Gbogbo ẹrù wọn bómi lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wá síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ: Bronx Science tí ẹ̀gbọ́n Àkàndé dárúkọ, Stuyvesant, Brooklyn Tech, ìdánwò kan náà ni wọ́n fi ń wọ gbogbo wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lọ sí Jackson Heights lọ́jọ́ Sátidé kẹ́ ẹ wo bí àwọn ọmọ Bẹ̀ǹgálì ṣe ń ya wọ ilé lẹ́sìnnì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Bàbá tó jẹ gbèsè mẹ́dálíọ̀nù á san owó lẹ́sìnnì kó tó sanwó iná.

Adékúnlé_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ bá mi ṣàlàyé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n: báwo làwọn tílùú wọn jìnnà tó yẹn ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní New York? Ṣé àwọn náà jápa ni?

Oníṣirò_Owó

Jápa gidi, Adékúnlé. Àwọn tó kọ́kọ́ dé, atukọ̀ ni wọ́n, ọmọ Sylhet tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ ní èbúté New York tí wọn ò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́. Òfin ò fẹ́ ará Éṣíà nígbà yẹn, Harlem ló gbà wọ́n mọ́ra. Wọ́n fẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n fẹ́ ọmọ Puerto Rico, wọ́n ń se oúnjẹ tà.

Òfin ìwọlé ọdún 1965 ló ṣílẹ̀kùn, àwọn dókítà àti ẹnjiníà ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ogun 1971 tí wọ́n fi gbòmìnira lọ́wọ́ Pakístánì lé àwọn míì jáde. Ṣùgbọ́n físà lọ́tìrì ọdún 1990 sókè ló kó ọ̀pọ̀ wọn dé. Ìwọ náà mọ lọ́tìrì yẹn, àbí ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé? Òfin rẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tó bá ti kó ju 50,000 èèyàn wọlé láàárín ọdún márùn-ún á yọwọ́. Wọ́n yọ Bángládẹ́ṣì kúrò látorí ti 2013, wọ́n yọ Nàìjíríà látorí ti 2015.

Látìgbà yẹn, ẹbí ló ń fa ẹbí. Ẹni tó jẹ lọ́tìrì ní 1996 di ọmọ ilẹ̀, ó kọ̀wé fún bàbá àti ìyá, ó kọ̀wé fún àwọn àbúrò, ìwé àbúrò sì lè gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tó bá fi jáde, àbúrò yẹn ti lé lógójì ọdún, ó ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Dhaka, ó gúnlẹ̀ sí JFK pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ èdè. Ẹ wá fi wé ará Índíà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀wé pè, tí owó oṣù rẹ̀ ti wà lórí ìwé kó tó wọ bàálù. Ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé ló ń sọ̀rọ̀ nínú 59,500 àti 119,000 yẹn. Àwa Nàìjíríà pọ̀ tá a gba ọ̀nà ilé ìwé wọlé, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò tiwa dán ju bó ṣe yẹ lọ. Kò túmọ̀ sí pé orí wa pé jù wọ́n lọ.

Ṣíkágò_Bọ̀dé

Kí wọ́n má lọ rò pé dírẹ́bà nìkan ni wọ́n o. Fazlur Rahman Khan, ọmọ bíbí agbègbè Dhaka, òun ló ronú bí Sears Tower á ṣe dúró ní Chicago níbí. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1973, kò sílé tó ga tó o láyé. Ẹnjiníà tó bá ń kọ́ ilé gogoro títí dòní, ọ̀nà tó là ló ń tọ̀.

Alfa_Hamtramck

As-salaam alaykum. Ẹ̀yin ará New York, ẹ fi Michigan sílẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Hamtramck ni mo fi ṣe ibùgbé, ìlú kékeré tó ní nǹkan bí 28,000 èèyàn, tí Detroit yí ká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Bángládẹ́ṣì wé ọmọ Amẹ́ríkà lójúkorojú, ibí ni kẹ́ ẹ wá.

Ìlú àwọn Pólándì ni níjọ́un, iṣẹ́ ọkọ̀ Dodge ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn pa ní 1980, àwọn ọmọ kó lọ sí ìgbèríko, àwọn arúgbó ṣẹ́ kù. Ìparí ọdún 1990 sí 2000 ni àwọn Bẹ̀ǹgálì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Queens, torí owó ilé. Owó tí wọ́n fi ń háyà iyàrá kan lọ́hùn-ún, wọ́n fi ra odidi ilé níbí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀, wákàtí rẹ̀ mọ̀ níwọ̀n ju ti tákísì lọ, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé wọn: igi àti okùn ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn fún ewéko, kèǹgbè tútù á so rọ̀ sílẹ̀ láti òkè, kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ́. Conant Avenue ti ń jẹ́ Bangladesh Avenue láti 2008.

Ní 2004 wọ́n jà lórí bóyá kí mọ́sálásí máa fi ẹ̀rọ pe ìrun síta, ìlú dìbò, ìrun ló borí. Ní 2015 ìgbìmọ̀ ìlú wa di àkọ́kọ́ tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dẹẹrẹ o. Àwọn Yemen àti àwọn Bẹ̀ǹgálì ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, inú àwọn kan nínú àwọn Pólándì tó ṣẹ́ kù ò dùn. Ìlú náà sì ṣì wà lára àwọn tó tòṣì jù ní Michigan.

Ibi tí mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ nìyí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa pé, "Wo Bẹ̀ǹgálì tó dé lánàá, ó ti ra ilé, àwọn dúdú tí wọ́n bí síbí ńkọ́?" Ẹ rọra. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n rà lápá Detroit, gbànjo owó orí ni Wayne County fi tà á, ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú tí kò rí owó orí san lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní 2008. Àwọn dúdú yẹn, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn báńkì ti fi pẹ́ńsù pupa yí àdúgbò wọn ká lórí máàpù láti ọdún 1930 sókè pé wọn ò ní yá wọn lówó ilé. Ẹni tó dé ní 2005 ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yí i.

Ẹ tún wo Hansen Clarke. Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1957, bàbá rẹ̀ wá láti Sylhet, ìyá rẹ̀ jẹ́ dúdú Amẹ́ríkà. Bàbá kú lọ́mọdé rẹ̀, ìyá ló tọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ wọlé sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nínú gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ Bángládẹ́ṣì, láti 2011 sí 2013. Ìlà wo lẹ máa fi òun sí nínú ìṣirò yín, Oníṣirò?

Oníṣirò_Owó

Alfa, ìlà méjèèjì. Ẹ ti mú mi.

Bọ́láńlé_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ìlú Ọba kún un ní kúkurú. Níbí, Tower Hamlets ní London ni ìdí wọn, ilé oúnjẹ ni wọ́n fi jẹun, àwọn àti Pakístánì ló sì wà nísàlẹ̀ jù nínú ìṣirò òṣì. Àmọ́ ní GCSE, ìdánwò ilé ìwé girama níbí, àwọn ọmọ wọn ti kọjá àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Iṣẹ́ ni kò tíì bá ìwé wọn dọ́gba. Ó jọ pé nǹkan kan náà lẹ̀ ń sọ lọ́hùn-ún.

Àkàndé_Parkchester

Ẹ kú làákàyè, gbogbo yín. Nígbà tí mo bi onílé mi léèrè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ka orúkọ tó wà lára ìwé ilé: òun, àbúrò rẹ̀ méjì, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mẹ́rin. Ó ní owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n san, àjọ ni wọ́n dá, samiti ni wọ́n ń pè é, ará àdúgbò kan náà láti ilé ló ń dá a, mọ́sálásí ni wọ́n ti ń kó o. Iyàrá tó dáa jù ló háyà fún èmi, òun àtẹbí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo ti ń wọlé mo ń jáde níbẹ̀ láìbéèrè.

Dírẹ́bà_Àná

Àkàndé, o ò tíì gbọ́ tán. Bi onílé rẹ bó ṣe rí fún wọn lẹ́yìn September 11, 2001. Ìjọba ní kí ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀, tí kò sì ní green card, láti orílẹ̀-èdè 25 wá tẹ̀ka sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwọlé. Bángládẹ́ṣì wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí. Àwọn tí ìwé wọn ò pé fẹsẹ̀ ara wọn lọ nítorí pé wọ́n fẹ́ pa òfin mọ́, wọ́n sì dá àwọn kan dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù lóru gba Kánádà lọ. Àwọn tá a jọ ń gbé ọkọ̀ ní gárééjì kan náà pòórá, a ò gbúròó wọn mọ́. Ìdílé tí bàbá ti lọ báyìí, ọdún mélòó ló máa gbà kó tó gbérí?

Àmọ́ àwọn ọmọ wọn ti wọ iṣẹ́ ìlú náà báyìí. Àwọn tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ lójú títì Manhattan, ẹ wo orúkọ àyà wọn: Islam, Rahman, Chowdhury. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè lọ sí ọlọ́pàá gidi. Didarul Islam, ọlọ́pàá tí wọ́n yìnbọn pa ní Park Avenue ní July 2025, ará Parkchester tiyín ni. Àti Shahana Hanif, tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìlú ní 2021 láti Brooklyn, ọmọ Bángládẹ́ṣì ni, òun sì ni obìnrin Mùsùlùmí àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Òtítọ́_Korò

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti EBT. Ilé alájà márùn-ún ní Dhaka ńkọ́? Owó tó ń jáde lọ sílé yẹn ni inú ń bí ọmọ Ohio sí.

Ìyá_Ìbejì_Queens

Ìwọ náà ò ń fi ránṣẹ́ sí Ọ̀ṣogbo ni? Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, oṣooṣù ló ń fowó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́, kó tó ra bàtà fún ara rẹ̀. Amẹ́ríkà wà lára ibi tówó ti ń wọ Bángládẹ́ṣì jù, pẹ̀lú Saudi Arabia àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá yòókù. Owó tí wọ́n ti san owó orí lórí rẹ̀ ni. Alájà márùn-ún tó o rí yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti wà láìparí láti ọdún pípẹ́, irin rẹ̀ ti dógùn-ún.

Òtítọ́_Korò

Ìyá, ẹ má ṣẹ̀sín mi níta. Mo bèèrè nǹkan kan: owó orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ní àwọn á máa gbà lórí owó tá à ń fi ránṣẹ́ sílé, ṣé ó kan àwa náà àbí àwọn Bẹ̀ǹgálì nìkan?

Oníṣirò_Owó

Gbogbo wa ló kàn, láti January 2026, ìbáà ṣe ọmọ ilẹ̀ ìbáà ṣe àlejò. Àmọ́ owó tá a bá kó lé kàńtà lọ́wọ́, money order àti cashier's check ni wọ́n ń gbà á lórí rẹ̀. Tó o bá fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì báńkì rẹ tàbí káàdì debit tí wọ́n ṣe níbí, kò kàn ẹ́. Àwọn arúgbó tó ń to lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Starling Avenue pẹ̀lú owó nínú àpòòwé ló máa ń san án jù.